Ọdẹ́rìnlọ àti Ìsun tó Kọ Ìlú Sílẹ̀

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹni tó ń jẹ nínú obì mi, kó gbé e mì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké, kó fi ọmú sí i lẹ́nu. Inú ń bí mi lónìí, mo sì ti ń bínú láti òwúrọ̀, nítorí mo gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, mo rí i pé ẹnìkan ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sójú ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà lọ sódò. Mo dúró, mo wò ó títí, mi ò sọ nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mi ò sọ níbẹ̀ ni mo gbé wá bá yín. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ìtàn Ọdẹ́rìnlọ ni n óò sọ, ọdẹ tó wá Ìsun Aláàánú lọ dé ibi tí ẹsẹ̀ alààyè kì í dé. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀jà rí. Mo ti bá iwin du ẹran ìgbẹ́, mo gba itan lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìwo sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó dìde kó wá dán mi wò. Ṣùgbọ́n bí a bá perí akọni, à á fi idà lalẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ jù mí lọ, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹlòmíràn rí.

Ìdí-Ọ̀dán ni orúkọ ìlú rẹ̀. Ìsun náà ló mú kí ìlú wà níbẹ̀. Omi rẹ̀ tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kì í sì í gbẹ. Ọ̀nà Àtijọ́ ló lọ síbẹ̀, ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ kan tó ti inú igbó ńlá wá, tó wọ ìlú, tó sì já sí etí omi. Aláìsàn á gba ọ̀nà náà wá, á bọ́ bàtà, á yí ìsun po, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á wà lápá ibi tí omi wà, á bọ́jú, á ya etí aṣọ rẹ̀, á so ó mọ́ igi ọ̀dán tó wà níbẹ̀. Àìsàn á dúró sára àkísà, ènìyàn á máa lọ sílé. Ẹja arúgbó kan wà nínú omi náà tí ẹnikẹ́ni kì í pa. Ẹni tó bá rí i nígbà tó ń bọ́jú, ìsun ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn òkú ìlú pàápàá, Ọ̀nà Àtijọ́ ni wọ́n ń gbà wọ igbó lọ sí ibi tí òkú ń lọ.

Fàdá kan láti ilẹ̀ Írẹ́lándì, ọkùnrin onírungbọ̀n pupa, jókòó lórí àpótí mi rí, mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un. Mo rò pé yóò bá mi jà. Ló bá ní ní ìlú tiwọn náà, kànga mímọ́ wà tí wọ́n ń yí po, tí wọ́n ń so àkísà mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọn kì í jẹ ẹja inú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì rí kànga náà fín, á kó ẹrù rẹ̀, á lọ. Ó ní ẹni tó bá kọ́lé dí ọ̀nà àwọn iwin lọ́hùn-ún kò ní í sùn àsùnwọra títí yóò fi gé igun ilé náà kúrò. Mo ní, "Fàdá, ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?" Ó ní ìyá ìyá òun ni. Mo ní, "Ìyá ìyá tèmi náà ló kọ́ mi." A jọ mu ẹmu lọ́jọ́ náà.

Baálẹ̀ Ìdí-Ọ̀dán nígbà ayé Ọdẹ́rìnlọ ni Ọláòṣebìkan. Ọkùnrin yìí fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì rí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó ojú Ọ̀nà Àtijọ́. Ó kọ́ ọ dí ọ̀nà gbọọrọ, ẹ̀yìn ilé kọjú sí igbó, ẹnu ọ̀nà kọjú sí ìsun. Ó ní ewé ọ̀dán ń dọ̀tí sí ọ̀ọ̀dẹ̀ òun, ó gé igi náà, ó fi ṣe ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà lọ bá a, wọ́n ní, "Baálẹ̀, bí o kò bá ní í wó o, gé igun kan kúrò lára rẹ̀, kí ọ̀nà lè ríbi kọjá."

Ó dáhùn pé, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ gba ibòmíràn."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Nígbà tó sì ṣí ilé náà, wọ́n lọ jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n mu ọtí rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n wà lọ́jà o, orí ọmọ sì wọ́ mọ́ wọn lójú. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú ìtàn yìí nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìṣílé, àwọn obìnrin gbé ìkòkò lọ pọnmi, ihò gbígbẹ ni wọ́n bá. Kò sí omi, kò sí ẹja. Igbe ta. Ta ló ṣe é? Wọ́n rántí pé Ọdẹ́bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́rìnlọ bí, gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ tí ojú ń dùn lọ sétí omi nírọ̀lẹ́ àná. Wọ́n mú un lọ síwájú Baálẹ̀.

"Aṣọ ìdí ọmọ lo fọ̀ sínú ìsun," ni Baálẹ̀ wí. "Ìwọ lo lé e lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ojú ọmọ mi ni mo bọ́," ni Ọdẹ́bùnmi dáhùn. "Ipin sì kúrò lójú rẹ̀. Mo rí ẹja náà. Ó yọrí, ó wò wá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ dájọ́ pé bí ìsun kò bá padà kí ìlú tó jẹ iṣu tuntun, tìyá tọmọ ni wọn yóò lé wọ igbó, wọn kò sì ní í padà wálé mọ́. Àwọn àgbà jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mi orí.

Ọdẹ́rìnlọ dúró lẹ́yìn àwùjọ, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bínú sí Baálẹ̀, ó bínú sí àwọn àgbà, ó bínú sí àwọn obìnrin tó bá ọmọ rẹ̀ jó lọ́jọ́ ìkómọ, tí wọ́n ń nàka sí i lónìí. Ṣùgbọ́n ìsun ló bínú sí jù. Aláàánú ni wọ́n ń pè é. Àánú wo ló wà nínú kí ènìyàn sá lọ, kó fi abiyamọ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́? "N óò wá a lọ," ni Ọdẹ́rìnlọ wí fún ọmọ rẹ̀. "Ibi yòówù kó wọ̀, yóò wá jẹ́rìí ara rẹ̀." Ó wọ gbérí rẹ̀, aṣọ ọdẹ tí wọ́n rán àdó àti ìwo oògùn mọ́ lára títí tí kò fi síbi tó ṣófo. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó fi oògùn ìríran ra ojú, ó sì forí lé Ọ̀nà Àtijọ́.

Kò tíì kúrò nílùú tó fi rí ohun tí ojú lásán kì í rí. Àwọn òkú ló kún ọ̀ọ̀dẹ̀ Baálẹ̀ bámúbámú, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lórí, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Bàbá Omítóògùn, tó ń gbá etí ìsun nígbà ayé rẹ̀.

"Bàbá, ìgbà tí wọ́n ń mọ ilé yìí lẹ ti kú," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Kí lẹ ṣì ń ṣe níbí?"

"Mo ń dúró. Bí ìwọ náà bá kú lónìí, ẹ̀yìn wọ̀nyí ni wàá tò sí."

"Ẹ ò ṣe gba ẹ̀gbẹ́ kọjá?"

"Òkú ò mọ ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n bá sin wá gbà là ń gbà." Arúgbó náà tutọ́ sí ara ilẹ̀kùn. "Jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún ọ. Kí ló wọ iná tí kò jinná, tó padà sómi tí ara rẹ̀ ò tutù?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Mo rí i nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé yìí nínú agbọ̀n lọ́jọ́ ìṣílé. Ṣùgbọ́n òkú kì í jẹ́rìí nílé alààyè. Lọ bi ẹni tó ni ín."

Ọdẹ́rìnlọ yí ilé náà po, ó wọ inú igbó. Ibẹ̀ ni Koríko Aṣinilọ́nà ti mú un. Koríko náà kò yàtọ̀ sí koríko yòókù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kò ní í mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn mọ́. Ọdẹ́rìnlọ rìn títí, ó bá ara rẹ̀ nídìí òkìtì ọ̀gán kan. Ó tún rìn, òkìtì yìí kan náà ló tún bá. Ó yìnbọn sókè, ó pe ògèdè tó ń fọ́ àpáta. Òkìtì ò fọ́. Nígbà tó gbójú sókè, iwin kékeré kan tí kò ga ju orúnkún lọ jókòó lórí rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Ta ni ọ́?" ni iwin náà bi í.

Ọdẹ́rìnlọ fọwọ́ lu àyà. "Èmi Ọdẹ́rìnlọ, apẹkùn-má-sá! Èmi tí erin rí, tó ní òun ń lọ kí ìyàwó òun nílé! Èmi tí òjò ń pa, tí aṣọ mi ò tutù!"

Iwin ju ṣùkù àgbàdo nù. "Mo ní ta ni ọ́, o ń ka ohun tó wà lára aṣọ rẹ fún mi. Yí i padà."

"Yí kí ni padà?"

"Gbérí rẹ. Yí inú rẹ̀ síta."

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ mọ ohun tó ní kó ṣe yẹn? Gbogbo oògùn tí ọdẹ kọ síta kó lè máa ba ayé lẹ́rù, kó wá yí i kọjú sí ara rẹ̀! Èmi ò jẹ́ ṣe é láyé, mo mọ ohun tó wà lára tèmi. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìnlọ rántí ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ gbérí, ó yí i padà, ó wọ̀ ọ́. Ìwo gún un níhà, àdó ha á láyà, ẹ̀rù tó ti fi ń ba ẹranko láti ìgbà èwe rẹ̀ dà bo òun fúnra rẹ̀. Ó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó sì ń bú iwin náà tìyá tìyá bó ti ń gbọ̀n.

"Ta ni ọ́?" ni iwin tún bi í.

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi ni mí!"

Iwin ní, "O ò ṣe tètè sọ bẹ́ẹ̀?" Koríko là sọ́tùn-ún, ó là sósì, Ọ̀nà Àtijọ́ sì hàn gedegbe níwájú rẹ̀.

Ọ̀nà náà gbé e dé ìlú kan tí gbogbo ará ibẹ̀ wọ àkísà. Àwọn àìsàn ni wọ́n, gbogbo èyí tí ènìyàn ti so mọ́ igi ọ̀dán láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibà ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, Ikọ́ ń hú nídìí ààrò, Kúrúnà ń họ ẹ̀yìn fún ẹnikejì rẹ̀. Bí wọ́n ti gbọ́ òórùn alààyè ni wọ́n yí i ká.

"Ẹ so wá mọ́ igi, a gbà," ni Ibà pariwo. "A jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ tún gé igi náà! Níbo lẹ fẹ́ ká gbé? A ń kó ẹrù wa bọ̀ wálé yín!"

Ọdẹ́rìnlọ nàbọn sí wọn. Ta ló ń yìnbọn pa ibà? Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan já àárín wọn, ó la apá, ó ké pé, "Ọkọ mi!"

Làkúrègbé ni. Ọdẹ́rìnlọ ti so ó mọ́ ọ̀dán nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, kò sì bojú wẹ̀yìn. "O fi mí sílẹ̀, o ò tilẹ̀ dágbére," ni Làkúrègbé wí. "Gbé mi dání, n óò bá ọ sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí o kọjá." Kí ni ọdẹ yóò ṣe? Ó gbà. Làkúrègbé fò mọ́ ọn lórúnkún, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni dé ilé ọkọ. Bó ti ń tiro lọ, àìsàn kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fà á láṣọ.

"Èmi ni ojú dídùn ọmọ-ọmọ yín, Bàbá," ló wí. "Ìsun fọwọ́ ara rẹ̀ gbà mí lára ọmọ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Inú rẹ̀ dùn gan-an nígbà tó ń gbà mí."

Ọdẹ́rìnlọ dúró. Tí inú ìsun bá dùn nírọ̀lẹ́, kí ló wá ṣẹlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́? Ìbínú rẹ̀ le sí i, ó ń fi ẹsẹ̀ kan sáré. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Abẹ́ àpáta kan ni ọ̀nà parí sí. Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó níbẹ̀, omi ń kán láti orí irun rẹ̀, ó gbé igbá bíbò lé ẹsẹ̀.

"Kí lo bá wá?" ló bi í.

"Ìjà ni mo bá wá!"

"Jà, kí n gbọ́."

Ọdẹ́rìnlọ sì jà. Ó ní, "Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Aláàánú! Ọmọ mi bọ́ ojú ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, o sá lọ, wọ́n di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ rù ú! Wọ́n fẹ́ lé e wọ igbó! Bí o bá ní ẹjọ́, ṣé kò sí ẹnu lẹ́nu rẹ ni?" Ó sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó parí, obìnrin náà ṣí igbá náà. Ẹja arúgbó wà nínú rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Iná ti jó ìhà rẹ̀ kan, ìlà dúdú gbọọrọgbọọrọ, àwòrán idà kan sì wà láàárín àwọn ìlà náà.

Ọdẹ́rìnlọ mọ idà yẹn. Alágbẹ̀dẹ ìlú ló rọ ọ́ mọ́ irin tí Baálẹ̀ fi ń yan ẹran, gbogbo ìlú ló yìn ín lọ́jọ́ ìṣílé.

"Àlejò Baálẹ̀ pọ̀ ju ẹran rẹ̀ lọ," ni ìsun wí. "Wọ́n fi agbọ̀n gbọ́n ẹja mi, wọ́n gbé e lé iná. Wọ́n koná títí, kò jinná. Ó fò kúrò lórí irin, ó wọ́ nílẹ̀ títí ó fi bá mi. Mo gbé e, mo lọ."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn. Àwọn àgbà yín na abọ́, wọ́n ń dúró de tiwọn."

Ọdẹ́rìnlọ jókòó sílẹ̀, ó sunkún ìbínú. Àwọn àgbà rí i! Wọ́n rí i, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń mi orí nígbà tí wọ́n ń dá ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ní, "Dìde, ká padà lọ."

"Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Kí ìlú yín náà gbẹ."

"Bí o bá ní kó gbẹ, ọmọ mi ni yóò kọ́kọ́ gbẹ," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Baálẹ̀ ní ọtí nílé."

Ìsun ń fi ọwọ́ pa ojú ọgbẹ́ ẹja náà. "Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ rẹ nìkan ló dúpẹ́ kó tó lọ," ló wí níkẹyìn. "Ó ní, 'Ẹ ṣé, Ìyá.' Ó dára. Nítorí rẹ̀ ni n óò ṣe padà. Ṣùgbọ́n Ọ̀nà Àtijọ́ ni n óò gbà. Mo gbọ́ pé Baálẹ̀ ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èmi kì í ṣe ọjà."

Ọdẹ́rìnlọ mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà náà. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn gidi. Lẹ́yìn náà ló wá rántí. "Àwọn ọmọdé wà nínú ilé yẹn," ló wí.

"Ìbínú mi ti dìde, n kò lè dá a dúró mọ́," ni ìsun dáhùn. "Yára jù mí lọ."

Ẹ wo ìyà! Ọdẹ arúgbó, Làkúrègbé lórúnkún, gbérí tó yí padà ń gún un níhà, kó máa bá omi sáré! Ó la ìlú àwọn àìsàn já, ó la koríko já, iwin dìde lórí òkìtì, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Omi ń hó bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yọ sí ìlú, oòrùn ti là, iṣu tuntun wà lójú agbo, Ọdẹ́bùnmi sì ti di ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ẹrù wà lórí rẹ̀, wọ́n ti kọjú rẹ̀ sí igbó.

"Ẹ kó ọmọ jáde nílé Baálẹ̀!" ni Ọdẹ́rìnlọ ké. "Ìsun ń bọ̀ o! Ọ̀nà rẹ̀ ló ń gbà bọ̀!"

Àwọn ìyàwó Baálẹ̀ kò dúró gbọ́ àlàyé. Wọ́n gbé ti ẹ̀yìn, wọ́n fa ti ọwọ́, wọ́n tú jáde. Baálẹ̀ Ọláòṣebìkan ní, "Ilé mi kì í ṣe ojú ọ̀nà ẹnikẹ́ni." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fẹ̀yìn tì í.

Omi gba ògiri ẹ̀yìn wọlé. Ó gba pálọ̀ kọjá, ó kó àga, ó kó ìkòkò ọtí, ó fa ilẹ̀kùn ọ̀dán yọ tòun ti férémù, ó gbé e jáde pẹ̀lú Baálẹ̀ tó dì mọ́ ọn, ó sì gbé wọn ju sídìí kùkùté igi tí Baálẹ̀ gé. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni irin ìyan-ẹran, idà wà láàárín rẹ̀, ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìsun jókòó padà sí ihò rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ nìkan ló rí àwọn òkú bí wọ́n ti ń gba inú ilé náà kọjá lọ, Bàbá Omítóògùn níwájú, ẹní lórí.

Ọdẹ́rìnlọ gbé irin náà sókè. "Ta ló yan ẹja?" ló bi wọ́n. Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ọdẹ́bùnmi, ó ní, "Ọmọ wa, sọ ẹrù kalẹ̀. Wá bá wa pọn omi àkọ́kọ́."

Ọdẹ́bùnmi sọ ẹrù kalẹ̀. Ó tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ aṣọ ìdí rẹ̀ tó ti dọ̀tí, ó gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀. Ó yí ìsun po, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí omi, lójú gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ki aṣọ ìdí ọmọ náà bọ inú ìsun. Ó fọ̀ ọ́. Kò kánjú. Ó fún un, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a sórí ilẹ̀kùn Baálẹ̀. Gbogbo ìlú ń retí pé omi yóò lọ.

Ẹja arúgbó yọrí, ó wo ọmọ náà, ó wo àwọn àgbà. Ìsun kò lọ síbì kankan.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ gba ẹ̀yìn ọjà, kí ẹ wo ìpìlẹ̀ tí mo sọ. Ẹni tó ni ín jókòó láàárín yín níbí, ó sì ti gbé obì mi mì.